Ibi Tí Ẹnu Ṣóńṣó Kọjú Sí

Ewé náà tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ mú ṣóńṣó bí idà tí ọmọdé fi ń ṣeré, ó sì yọ jáde nínú ìkòkò tí kò yẹ kó ti yọ. Ìyá Aránṣọ dúró tì í pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Kò bu omi náà wọ́n òdòdó, kò sì mu ún. Ìkòkò òdòdó gadéníà nìyí. Gadéníà nìkan ni ó gbìn sínú rẹ̀. Òdòdó kejì, èyí tí ẹni tó tà á fún un pè ní gíládíólà, tí òun fúnra rẹ̀ ń pè ní onídà nítorí ewé rẹ̀, ẹ̀bá ògiri ẹ̀yìnkùlé ni ó gbìn ín sí, ní ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo lábẹ́ fèrèsé yàrá ìdáná. Ó dá a lójú bí orúkọ ara rẹ̀ ṣe dá a lójú.

Ó yíjú wo ẹ̀bá ògiri. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ewé kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

Ó tún wo inú ìkòkò. Ewé onídà ni, kò sí àní-àní. Àwòrán rẹ̀ wà lára àpò tí wọ́n fi tà á fún un, ó sì ti wo àwòrán náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè fi ojú inú rán an.

Bí ẹlòmíràn bá rí irú èyí, yóò ní ẹyẹ ló gbé e wá, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Aránṣọ ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan nígbà kan rí. Ẹ̀gbọ́n náà ló kọ́ ọ níṣẹ́ aránṣọ. Ọpọlọ rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè wo ènìyàn láti ìta kí ó sì sọ ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ láìfọwọ́ kan téèpù. Ìgbàgbé wọ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀rinrin ṣe ń wọ ògiri. Yóò gbé nǹkan síbí, wọn óò bá a lọ́hùn-ún. Abẹ́rẹ́ nínú ike ṣúgà. Bàtà kan lórí àpótí ìwé. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àfi ọjọ́ tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ wọlé, tí ìyá dìde, tí ó tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe, tí ó sì fi ohùn tí wọ́n fi ń kí oníbàárà sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ ń wá?"

Ẹ̀rín tán nílé wọn lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni Ìyá Aránṣọ ti mọ ẹsẹ̀ àìsàn náà. Ó máa ń tẹ̀ síbi tí nǹkan kò bá ti sí níbi tí a fi í sí.

Ó fi èékánná ìka méjì já ewé náà láti ìsàlẹ̀, bí ẹni já òwú lẹ́nu aṣọ. Ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí, ó sì gbé ìdọ̀tí mìíràn lé e lórí.

Kò tíì pẹ́ tí ó di olóòdòdó. Nígbà tí oríkèé ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le, tí kò lè fi òwú gba ojú abẹ́rẹ́ mọ́ láìbú èébú, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àwọn tó kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àtijọ́ wá sílé kékeré tí ó rà, ó sì gbé e sí yàrá iwájú níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló gbé gadéníà wá bá a. Ó ní ọwọ́ tó ti ṣiṣẹ́ láti kékeré kò gbọdọ̀ ṣófo lójijì, àìsàn ló ń wá jókòó sínú ọwọ́ òfìfo. Igi kékeré náà dúdú minimini, ó sì ti ní ọmọ òdòdó ṣíṣù púpọ̀ lára, funfun, tí wọ́n lọ́ pọ̀ bí aṣọ ìnujú tí a fún omi rẹ̀ dànù. Nọ́ọ̀sì ní tí wọ́n bá là, òórùn wọn yóò gba gbogbo ilé.

Inú ike tóóró ni igi náà wà. Ìyá Aránṣọ ra ìkòkò amọ̀ ńlá fún un. Iyẹ̀pẹ̀ tó bá a wá kò kún ìkòkò náà, ló bá lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ẹni tó ni ilé tẹ́lẹ̀ fi àgbá iyẹ̀pẹ̀ kan sí, iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó lọ́ràá. Ó bù ú sínú garawa, ó fi kún ìkòkò. Èyí tó kù, ó fi dí kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn iwájú, ó sì da ìsàlẹ̀ garawa sábẹ́ ẹ̀rọ omi níbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, kò sì rò ó mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ó ra onídà fúnra rẹ̀. A kì í gbin hóró onídà bí ènìyàn ṣe ń gbin àgbàdo, èbù ni wọ́n ń tà, bíi ti iṣu, ṣùgbọ́n èbù yìí rí bí àlùbọ́sà kékeré tí ẹnì kan jókòó lé lórí. Inú àpò aláwọ̀n ni wọ́n wà. Ó gbé wọn lọ sábẹ́ fèrèsé, ó fi téèpù wọn ààyè àárín wọn kí ìlà má bàa wọ́, ó sì tẹ̀ wọ́n wọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu ṣóńṣó síwájú, bí ó ṣe máa ń fi pín-ìnnì tẹ etí aṣọ. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Ó dìde, ó di ẹ̀yìn mú, ó sì wo ilẹ̀ náà bí ẹni wo aṣọ ìyàwó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí.

Gbogbo èyí ni ó rántí. Ohun tó ń dẹ́rù bà á gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà máa ń rántí dáadáa, àfi pé ohun tí ó ń rántí kò ṣẹlẹ̀.

Ewé tí ó já tún hù. Òmíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn iwájú, mẹ́ta yọ pọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ẹ̀bá ògiri ṣì wà bí ó ṣe wà. Láti òkè ògiri ààlà ni aládùúgbò rẹ̀ ti ń wò ó, ọkùnrin tó ti fi gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ pín lẹ́tà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Onílẹ́tà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọ̀rọ̀ kì í dúró lẹ́nu rẹ̀, iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀: ohunkóhun tó bá ti kan ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ó gbé igbá-àyà lé ògiri, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, òdòdó yín ti ń rìn o. Ẹ bá mi so ó mọ́lẹ̀ kó tó wọ ọgbà mi. N kò ní ibùsùn àlejò."

Ìyá Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ohun kan ti wà láàárín wọn. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ ńlá tó fi ń gé aṣọ, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó gba òmìnira iṣẹ́, ti sọnù. Bàbá Onílẹ́tà ti wá yá a nígbà kan láti gé rọ́bà omi, Ìyá Aránṣọ sì ti lé e bí adìyẹ. Ta ló ń fi àlùmọ́gàjí aṣọ gé rọ́bà? Nígbà tí kò wá rí i mọ́, ó sọ fún un lójúkojú pé àlùmọ́gàjí òun kò jáde kúrò nínú yàrá iwájú rí láti ọjọ́ tí òun ti dé ilé yìí, nítorí náà ẹni tó bá mú un, ńṣe ló wọlé wá mú un. Bàbá náà wò ó títí. Ó ní òun ti gbé owó oṣù àti ìwé ìfẹ́ gbogbo ìlú lé èjìká, kò sí èyí tó dín. Ó sì wọlé.

Ìyá Aránṣọ rò ó lọ́kàn bóyá bàbá náà ló ń hú èbù náà kiri láti fi gbẹ̀san. Ó fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ gbàdúrà kí ó rí bẹ́ẹ̀. Olè sàn ju ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ, a lè tìlẹ̀kùn mọ́ olè.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Olùkọ́, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò, ti ń ṣọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí áyọ́ọ̀nù. Ìyá Aránṣọ gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ lọ́jọ́ kan, ẹnì kan kanlẹ̀kùn, ó lọ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ gùn, ó sì gbàgbé. Aṣọ jó, ara tábìlì jó, èéfín kún ilé. Bàbá Onílẹ́tà ló rí èéfín, òun náà ló sì gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Olùkọ́ kí èéfín tó jáde tán. Olùkọ́ ò pariwo, kì í ṣe onígbòónára. Ó kàn sọ pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, Màmá yóò wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, wọn yóò sì wá ẹni ra ilé. Láti ìgbà náà, bí ó bá pè é lórí fóònù, yóò ju ìbéèrè sáàárín ìkíni bí ẹni ju òkúta sómi láti mọ bó ṣe jìn tó. Ta ló rán aṣọ tí òun wọ̀ lọ́jọ́ tí òun gba ìwé ẹ̀rí? Kí ni orúkọ òpópónà tí wọ́n ń gbé kí òun tó wọ ilé ẹ̀kọ́? Ìyá Aránṣọ á dáhùn, á wá bi í pé, "Ṣé mo yege, tíṣà?" Ọmọ á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kì í dé ìsàlẹ̀.

Nítorí ìbéèrè wọ̀nyí ni kò fi fẹ́ kí ó rí ewé inú ìkòkò. Bí ó bá mọ̀ pé Olùkọ́ ń bọ̀, yóò gbé ìkòkò gadéníà wọ balùwẹ̀. Bí ó bá lọ tán, yóò gbé e jáde. Nígbà mìíràn ó máa ń yí i kọjú sógiri. Gadéníà kì í fẹ́ kí a máa ṣí òun nípò, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ojú aláìsàn ibà. Àwọn ṣíṣù funfun tí kò tíì là bẹ̀rẹ̀ sí í já, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la, pẹ́-pẹ́-pẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì. Ó máa ń gbọ́ ọ nígbà tí ó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá já, ó dà bí pé nínú orí òun ni nǹkan ti ń já.

Nígbà tí Olùkọ́ àti Nọ́ọ̀sì wá kẹ́yìn, ìkòkò wà nínú balùwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè gbé ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn pamọ́. Olùkọ́ dúró níbẹ̀. Ó wo àwọn ewé onídà fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, mo rò pé ẹ ní abẹ́ fèrèsé yàrá ìdáná lẹ gbìn ín sí."

"Mo yí ọkàn padà," ni Ìyá Aránṣọ wí. Irọ́ náà jáde kíá, ó sì dùn ún pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ yí i padà?"

Ó ní wọn kì í béèrè ìgbà tí àgbàlagbà yí ọkàn padà. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó di apá ọkọ rẹ̀ mú, ó ní kó jẹ́ kí àwọn wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ, Ìyá Aránṣọ dúró lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ó sì gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́nu géètì, ohùn kékeré tí ó máa ń lò nígbà tí ó wà lọ́mọdé tí eyín bá ń dùn ún. Ó ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ti ẹ̀gbọ́n wọn gẹ́lẹ́."

Kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti pè lórí fóònù. Ó ní ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn yóò wá gbé Màmá, kó wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, kó sinmi. Ó ní kó kó aṣọ díẹ̀. Ìyá Aránṣọ mọ ọjọ́ díẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà lọ fún ọjọ́ díẹ̀, àga rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti mọ̀. Kó wa ilẹ̀ abẹ́ fèrèsé. Bí èbù bá wà níbẹ̀, orí rẹ̀ pé. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò gbìn ín síbẹ̀ rí, ohun tí ó ń rántí, àlá ni. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn méjì péré, ọmọ kíláàsì kìíní lè ṣe é. Síbẹ̀ kò lè ṣe é. Yóò jáde pẹ̀lú ṣíbí ìwalẹ̀, yóò dúró lórí ilẹ̀ náà, yóò rántí pé òun kò tíì jẹun, yóò padà sílé. Tí ó bá jẹun tán, oòrùn yóò ti mú jù. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì wà á, èbù náà ṣì lè wà níbẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rù èsì kì í yára tú àpò.

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Àpò aṣọ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti nu ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ti fi aṣọ bò ó, ó sì dà bí òkú lábẹ́ aṣọ náà. Kò lè wò ó. Ìyẹn ló lé e jáde.

Ó kúnlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé. Ó gbàgbé ṣíbí, ọwọ́ ló fi wà á. Iyẹ̀pẹ̀ rọ̀, ó tutù. Kòtò àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Ekòló kan ká ara rẹ̀ kò. Kòtò kejì, òkúta. Ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀ bí ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kòtò kẹta, gbòǹgbò koríko. Ó jókòó sórí gìgísẹ̀. Nítorí náà, ó rí bẹ́ẹ̀. Ó gbìyànjú láti sọ orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, kí ó kàn fi mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ó sọ ti ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ó sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú ọkàn rẹ̀ dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ pé a kì í ti àárín aṣọ bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, etí aṣọ ni. Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn. Ó rántí pé láti ara ògiri ni òun ti wọ̀n, ìwọ̀n etí aṣọ fèrèsé ńlá kan àti ìṣẹ́tí rẹ̀. Ó fi ìdí téèpù kan ògiri, ó nà án. Ibi tó parí sí kì í ṣe ibi tí ó ń wà. Ó ti wà síta jù. Ó ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ níbẹ̀, ó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìka rẹ̀ kan nǹkan roboto.

Ó gbé e jáde pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ó gbé e síwájú ojú bí ẹni gbé ẹyin. Èbù onídà ni. Ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe wà. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ lókè bí irun orí ẹni tí ẹ̀rù bà. Èéhù rẹ̀, funfun bí àbẹ́là, ti jáde nísàlẹ̀, ó ti lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó ti mọ̀ pé òun ṣìnà, ó sì ti ká ara rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ èbù padà, ó ń wá òkè. Díẹ̀ ló kù kó dé ojú ilẹ̀. Ó wú òmíràn. Bákan náà. Gbogbo wọn ló dorí kodò, ní ìlà gbọọrọ, ààyè àárín wọn dọ́gba.

Ẹnu ṣóńṣó ni ibi tí ewé ti ń jáde. Òun ti fi í ṣáájú wọlẹ̀, nítorí láti ìgbà tó ti dáyé, ohun tó bá lẹ́nu ṣóńṣó, òun ló ń wọlé. Abẹ́rẹ́ kì í fi ìdí wọ aṣọ. Òun, tí ó ti lu ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ àìmọye ìgbà nítorí wọ́n rán ojú aṣọ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ, gbé odindi ilẹ̀ kan rán ní ẹ̀yìn.

Ẹ̀rín gbé e, omijé sì tẹ̀lé ẹ̀rín. Ọpọlọ òun kọ́ ló ṣìnà. Ọwọ́ òun ni. Nígbà náà ni ó tó ráyè ro ti àwọn ewé yòókù bí ènìyàn ṣe ń ro nǹkan, láìjẹ́ pé àyà ń já. Ìkòkò, àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ omi. Kí ni ibi mẹ́ta náà fi jọra? Garawa. Ó dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré lọ sí igun ẹ̀yìnkùlé, ó ki ọwọ́ bọ inú àgbá iyẹ̀pẹ̀ dúdú, ó bu ú, ó sì gbọ̀n ọ́n láàárín ìka. Àwọn ọmọ èbù wẹ́wẹ́ kù sọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò ju bọ́tìnnì ọrùn aṣọ lọ. Ẹni tó ni ilé tẹ́lẹ̀ ti gbin onídà rí. Ìyá Aránṣọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu wọ́n kiri ilé láìmọ̀.

Ó padà sábẹ́ fèrèsé láti yí àwọn tirẹ̀ padà kí ọmọ rẹ̀ tó dé. Ó wà á dé ìparí ìlà, ó ki ọwọ́ bọ ibi tí èbù tó kẹ́yìn yẹ kó wà. Ohun tó kàn án tutù, ó sì mú. Ó fà á jáde.

Àlùmọ́gàjí ni.

Ìpẹtà ti bo ẹnu rẹ̀. Fọ́nrán àpò aláwọ̀n kan ṣì há sáàárín rẹ̀. Ó hàn gbangba pé òun ló mú un jáde láti fi já ẹnu àpò èbù. Ó gbé e sílẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó wá gbogbo inú ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú yẹn, ó wá a bí ẹni wá owó tó jábọ́ lójú ọ̀nà. Kò sí níbẹ̀. Ó rántí téèpù, ó rántí ẹ̀yìn tó ń ro ó, ó rántí bí ilẹ̀ ṣe tẹ́jú. Àlùmọ́gàjí, kò sí. Ó sì ti fi ojú ara rẹ̀ wo ojú aládùúgbò rẹ̀, ó pè é ní olè, ó dá a lójú bí orúkọ ara rẹ̀ ṣe dá a lójú.

Géètì dún.

Kò rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbé àlùmọ́gàjí bọ àpò ẹ̀gbẹ́ aṣọ tó wọ̀ kí ó tó mọ̀.

Olùkọ́ yọ ní igun ilé, Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n bá ìyá lórí ìkúnlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ dé ìgúnpá, ojú rẹ̀ tutù, ilẹ̀ ti wú yíká rẹ̀. Ó rí bí ojú ọmọ rẹ̀ ṣe yí. Òun náà ti ní irú ojú bẹ́ẹ̀ rí, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ káàbọ̀.

"Ọmọ mi, sún mọ́ mi," ni ó wí. "Orí mi ò dàrú. Wá wo nǹkan."

Ó fi èbù hàn án. Ó fi gbòǹgbò òkè àti èéhù tó ká kò hàn án, ó ṣàlàyé ti abẹ́rẹ́, ó ṣàlàyé ti garawa. Olùkọ́ gba èbù náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ojú, ó lọ wo àgbá, ó padà wá. Ó bèèrè ibi tí ó da iyẹ̀pẹ̀ sí ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn. Ó bá a mu. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù sọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀rín náà dé ìsàlẹ̀, ó sì ní Màmá gba àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ọ̀sì ti ń gbé àpò aṣọ padà wọ yàrá.

Ibi tí ó yẹ kí ó parí sí nìyẹn. Ìyá Aránṣọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kó fọ ọwọ́, kó gbé omi mímu fún wọn, kó ju àlùmọ́gàjí sínú garawa ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ó wúwo nínú àpò, ẹnu rẹ̀ ń gún un nítan. Ó rò ó bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ọdún mélòó ni ó fi dá nìkan wà nínú ẹ̀rín yẹn, pẹ̀lú irú ẹ̀rù yìí, tí gbogbo wọn sì jókòó tì í.

Ó mú un jáde, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Èyí náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi síbẹ̀. N ò rántí, mo ti wá a nínú orí mi títí, n ò rí i."

Olùkọ́ fi ìka nu ìpẹtà ẹnu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti padà dé, ó wò ó, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó ní ìgbàgbé oríṣiríṣi ló wà, òmíràn kò ju ti ọjọ́ ogbó lọ, òmíràn a máa gba oògùn, ó sì sàn kí wọ́n mọ èyí tó jẹ́. Ó ní òun fúnra òun yóò mú Màmá lọ rí dókítà nílé ìwòsàn tí òun ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Títí dìgbà náà, àpò aṣọ yóò wà nínú yàrá níbi tó wà.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá," ni Olùkọ́ wí níkẹyìn. Kò wo ojú rẹ̀.

"Èmi náà. Mo ti ń dá bẹ̀rù látìgbà yìí, kò dùn. Ká jọ máa bẹ̀rù."

Bàbá Onílẹ́tà ti wà lórí ògiri, dájúdájú. Ìyá Aránṣọ kò tíì dìde nílẹ̀ tí ó fi nawọ́ gba àlùmọ́gàjí, ó gbé e sókè kí bàbá náà lè rí i, ó sì bẹ̀ ẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀ lójú ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀. Bàbá náà na ọrùn wo àlùmọ́gàjí náà dáadáa. Ó ní kò burú, lẹ́tà tó ṣìnà tó tún délé, wọn kì í bá a jà. Ó wá bèèrè bóyá ó ṣì lè gé rọ́bà omi.

Wọ́n jọ yí àwọn èbù náà padà. Olùkọ́ ń wa kòtò, Nọ́ọ̀sì ń bomi, ìyá ń gbìn. Bí ó bá gbé ọ̀kan, Olùkọ́ a bi í pé èwo lòkè, bí ó ṣe mọ́ ọn lára láti máa bi ènìyàn ní ìbéèrè tí òun ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìyá Aránṣọ ní ìwọ ni tíṣà, ìwọ dáhùn. Wọ́n gbé ìkòkò gadéníà jáde kúrò nínú balùwẹ̀, wọ́n gbé e sí ibi tí òwúrọ̀ ti ń mọ́lẹ̀ sí i, Nọ́ọ̀sì sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣíṣù kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀. Kò tíì là.

Nígbà tí wọ́n parí, Ìyá Aránṣọ kó téèpù, ó kó ife omi, ó fọwọ́ kan àpò ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀. Àlùmọ́gàjí wà níbẹ̀. Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà ìdáná. Kí ó tó gun àtẹ̀gùn, ó dúró, ó sì tún fọwọ́ kàn án.